Ibo Ni Rọ́bà Tó Ń Jẹ Lára Táyà Ń Lọ?

Bí ènìyàn bá gbé táyà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí fọkanáísà ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò lẹ́sẹ̀ mọ́tò, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí ni pé àwọn ilà tí wọ́n gbẹ́ sí ojú táyà tuntun jìn tó nǹkan bíi mílímítà 8, nígbà tí ojú ti àtijọ́ ti ń dán bí orí tó pá. A ó sọ pé táyà ti jẹ, a ó san owó òmíràn, a ó sì bá tiwa lọ. Kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí rọ́bà tó ti wà lójú táyà náà gbà lọ. Kò jóná, kò yọ́, kò sì sí ẹni tó kó o. Ojú ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí, ní ẹ̀rún tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Táyà tí a mọ̀ sí ìdọ̀tí ni èyí tí ojú rí: èyí tí wọ́n dáná sun lójú títì lọ́jọ́ ìwọ́de, èyí tí wọ́n fi ń sun awọ màlúù nílé ìpẹran, àti èyí tó gba omi òjò sínú lẹ́yìn ilé tí ẹ̀fọn ń yé sí. Ti ẹ̀rún yìí kò ní èéfín, kò sì ní òórùn. Síbẹ̀ òun ló ti di ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin ní Yúróòpù àti ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà láti ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ẹja kan tí kì í kúrò ní odò tí wọ́n ti bí i láìpadà wá ló sì fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ẹja náà, ó yẹ kí a mọ bí táyà ṣe ń jẹ. Títì ọ̀dà kì í ṣe ohun tó dán bí a ṣe rò, nítorí pé òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n pò mọ́ ọ̀dà ló ṣe ojú rẹ̀ ní gbágungbàgun. Nígbà tí rọ́bà bá kan ibẹ̀, yóò rọ̀ wọ inú àwọn ihò kéékèèké náà, yóò dì í mú, lẹ́yìn náà ni yóò já ara rẹ̀ gbà bí táyà ti ń yí lọ. Ìdìmú yìí ló ń jẹ́ kí mọ́tò dúró nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, òun náà ni kì í jẹ́ kó yọ̀ nígbà tó bá ń yà ní kọ́nà. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí rọ́bà bá já ara rẹ̀ gbà, díẹ̀ yóò ṣẹ́kù sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí díẹ̀ nínú ilá ṣe máa ń ṣẹ́kù sára páànù tí a fi ń rin ín. Táyà tí kò bá jẹ rárá kò lè di ọ̀nà mú. Jíjẹ táyà kì í ṣe àléébù tí ilé iṣẹ́ kan gbàgbé láti tún ṣe, iye tí a ń san fún ìdúróṣinṣin mọ́tò ni, ìdí sì nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le ju ti èéfín ẹ́ńjìnnì lọ.

Bí jíjẹ náà ṣe yára tó wà lọ́wọ́ ohun púpọ̀. Ẹni tó ń ki eré mọ́lẹ̀ lójijì tó tún ń tẹ bíréèkì lójijì yóò pààrọ̀ táyà ṣáájú ẹni tó ń wakọ̀ jẹ́jẹ́. Táyà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó máa ń jẹ ní etí méjèèjì, èyí tí wọ́n fún ní afẹ́fẹ́ jù yóò sì jẹ láàárín. Mọ́tò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró déédéé, tí àwọn mẹkáníìkì ń sọ pé àláìnmẹ́ǹtì rẹ̀ ti yẹ̀, yóò jẹ táyà lápá kan tí apá kejì yóò dà bí tuntun. Ìwúwo náà ń kó ipa tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ àwọn mọ́tò oníná bátìrì ti wọlé: wọn kì í tú èéfín, ṣùgbọ́n bátìrì wọn wúwo, ẹ́ńjìnnì wọn sì máa ń fi agbára yí ẹsẹ̀ mọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà tí a bá ti fọwọ́ kàn án, tó bẹ́ẹ̀ tí táyà wọn fi lè tètè jẹ ju ti mọ́tò elépo tó bá wọn dọ́gba.

Iye rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fojú tẹ́ńbẹ́lú. Táyà mọ́tò kékeré kan máa ń pàdánù nǹkan bíi kílógíráàmù 1 sí 1.5 kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pàdánù kílógíráàmù 5 láàárín 50,000 kìlómítà, a jẹ́ pé gíráàmù 1 ń lọ ní kìlómítà mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹni tó bá wa mọ́tò láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ọ̀nà rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 120, yóò ti fi gíráàmù méjìlá rọ́bà sílẹ̀ kó tó dé ibẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ìwọ̀n hóró ṣúgà mẹ́ta. Mọ́tò kan ṣoṣo la ń sọ, táyà rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rin péré. Tírélà tó kó ẹrù sẹ́yìn, tó sì ń fi táyà méjìdínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rìn lójú ọ̀nà kan náà, ní ìṣirò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí kan ní orílẹ̀-èdè Netherlands kó ìṣirò irú èyí jọ láti àwọn orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan. Àbájáde wọn ni pé, bí a bá pín in fún gbogbo ènìyàn tó wà láyé, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ìpín tó tó kílógíráàmù 0.81 lọ́dún kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 6. Ìpín náà kò dọ́gba rárá. Ti ará Íńdíà jẹ́ kílógíráàmù 0.23, ti ará Amẹ́ríkà jẹ́ 4.7, èyí tó fi hàn pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni kò tilẹ̀ ní mọ́tò.

Ibo wá ni gbogbo rẹ̀ ń lọ? Èyí tó kéré jù lọ nínú ẹ̀rún náà máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ, a sì ń mí i símú pẹ̀lú eruku bíréèkì àti ti ojú títì fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí afẹ́fẹ́ kéde ní ọdún 2019 pé nínú gbogbo eruku líle tí ìrìnnà ojú títì ń tú sáfẹ́fẹ́, tí a bá ka àwọn tó kéré tó máíkírómítà 10 sí ìsàlẹ̀, ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń wá láti ara bíréèkì, táyà àti ojú títì, kì í ṣe láti ẹnu sàlẹ́ńsà. Kì í ṣe pé táyà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Òfin tí wọ́n ti ń ṣe láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ti dín èéfín ẹ́ńjìnnì kù gan-an, ohun tí èéfín bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló wá yọ sí gbangba. Atẹ́gùn tún lè gbé àwọn tó fúyẹ́ jù dé ibi tí ènìyàn kò rò: àwọn onímọ̀ tó ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ọdún 2020 rí i pé ó ń dé ilẹ̀ oníyìnyín ti ìhà àríwá ayé.

Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù kì í lọ jìnnà lójú kan náà. Ẹ̀rún táyà tí a bá fi awò amóhuntóbi wò máa ń gùn roboto bí ìgbẹ́ eku, iyanrìn àti ọ̀dà ojú títì á sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ kì í tún ṣe táyà mọ́ bí kò ṣe títì. Ìwúwo àwọn ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn yìí kì í jẹ́ kó léfòó lórí omi bíi páálí tàbí ọ̀rá, ńṣe ló ń rì. Ẹ̀bá ọ̀nà ni ó ń kọ́kọ́ kó jọ sí, nínú eruku dúdú tó máa ń wà létí kọ́ọ̀bù, títí òjò yóò fi rọ̀. Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò ní òun kò ní gbé ohun tó bá bá lójú títì. Láti inú gọ́tà ó di odò kékeré, láti ibẹ̀ ó di ọ̀sà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìwádìí tó ń bójú tó ọ̀sà San Francisco gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 2019, wọ́n sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì nínú gbogbo ẹ̀rún ike wẹ́wẹ́ tí wọ́n bá nínú àgbàrá tó ń wọ ọ̀sà náà ló jẹ́ ohun dúdú tó ń fà bíi rọ́bà.

Bí ó bá jẹ́ rọ́bà lásán, ìbá rọrùn. Rọ́bà gidi láti ara igi, ohun tí ilẹ̀ mọ̀ ni, kòkòrò inú ilẹ̀ sì lè jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwa náà kò ṣàjèjì sí i: kí igi rọ́bà tí wọ́n mú wá láti Brazil tó gbilẹ̀ ní Ẹdó, Delta àti Oǹdó, igi ìrẹ́ inú igbó ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ń dá lára tí wọ́n fi ń kó rọ́bà lọ tà ní etíkun Èkó ní àárín ọdún 1890 sí 1900, títí tí ìdákúdàá fi pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn igi náà. Ṣùgbọ́n oje igi kò lè di táyà fúnra rẹ̀, nítorí pé oòrùn yóò sọ ọ́ di èyí tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, òtútù yóò sì sọ ọ́ di èyí tó ń ṣẹ́. Ní ọdún 1839 ni Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá pò ó mọ́ imí ọjọ́ tí a sì fi iná sí i, yóò le, yóò sì máa nà padà sípò. Vulcanisation ni orúkọ iṣẹ́ náà, ibẹ̀ sì ni fọkanáísà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà wa ti rí orúkọ tó ń jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni láti lẹ èyí tó bẹ́. Iṣẹ́ tí imí ọjọ́ ṣe yìí, tó so okùn inú rọ́bà pọ̀ mọ́ra wọn, ni kì í jẹ́ kí kòkòrò ilẹ̀ tètè rí i jẹ.

Táyà òde òní sì ti kúrò ní rọ́bà àti imí ọjọ́ nìkan. Rọ́bà tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ pọ̀ ju ti igi lọ nínú ọ̀pọ̀ táyà mọ́tò kékeré. Lẹ́búlẹ́bú èédú tó sọ táyà di dúdú tó sì fún un lágbára wà níbẹ̀, pẹ̀lú sílíkà, òróró, síǹkì, àti oríṣiríṣi kẹ́míkà tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń pa bí awo. Ọ̀kan nínú wọn ni 6PPD, òun sì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé jù.

Ní ìpínlẹ̀ Washington tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ẹja sámọ́nù kan wà tí wọ́n ń pè ní coho. Inú odò kéékèèké ni wọ́n ti ń bí i, yóò dàgbà díẹ̀ níbẹ̀, yóò lọ sínú òkun, lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan yóò padà sí odò tirẹ̀ nígbà tí òjò ìgbà ìwọ́wé bá bẹ̀rẹ̀, kó lè yé ẹyin síbẹ̀ kó sì kú. Ìlú Seattle ti ba púpọ̀ nínú àwọn odò yìí jẹ́. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ṣe: wọ́n kó pàǹtí kúrò, wọ́n gbin igi sí etí rẹ̀, wọ́n ṣí ọ̀nà tí ẹja lè gbà kọjá. Ẹja náà sì padà. Àmọ́ bí òjò ńlá bá ti rọ̀, wọn yóò máa yí kiri lójú omi bí ẹni tó mutí, ẹnu wọn yóò là sílẹ̀, wọn yóò ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, láàárín wákàtí díẹ̀ wọ́n ti kú. Abo tí wọ́n bá la inú rẹ̀, ẹyin á ṣì kún inú rẹ̀ bámú. Ní odò bíi Longfellow Creek, tó gba àárín ìlú kọjá, ìdá 40 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó bá padà wá ló lè kú kí wọ́n tó yé ẹyin. Inú odò kan náà yìí ni irú sámọ́nù mìíràn tí wọ́n ń pè ní chum wà, kò sì sí ohun tó ṣe é.

Ohun tí àwọn olùwádìí kọ́kọ́ fura sí kò kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni ìbá fura sí: omi tó gbóná jù, afẹ́fẹ́ tó kéré jù nínú omi, oògùn kòkòrò, òjé àti bàbà, àìsàn. Kò sí èyí tó bá a mu. Wọ́n pọn àgbàrá tó ń ṣàn láti orí títì márosẹ̀ kan ní Seattle, wọ́n fi coho sínú rẹ̀, gbogbo wọn kú. Bí wọ́n ṣe ń yẹ àwọn ohun tí mọ́tò ń tú sílẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dé orí táyà. Wọ́n rin ojú táyà bí ẹní rin ilá, wọ́n rẹ ẹ́ sómi, omi náà sì pa ẹja. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà tó wà nínú omi náà lé ní 2,000. Zhenyu Tian, Edward Kolodziej àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Washington, pẹ̀lú Jenifer McIntyre ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Washington, bẹ̀rẹ̀ sí í pín omi náà sí ọ̀nà bíi mélòó kan, wọ́n ń fi ẹja dán ìpín kọ̀ọ̀kan wò, èyí tí kò bá pa ẹja wọ́n á dà á nù, èyí tó bá pa á wọ́n á tún un pín. Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nígbẹ̀yìn, kò sì sí nínú ìwé orúkọ kẹ́míkà kankan tí wọ́n yẹ̀ wò.

Ìdí tí kò fi sí níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò ṣe é. Ohun tí wọ́n pò mọ́ táyà ni 6PPD. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo rọ́bà lọ́wọ́ ósóònù, irú afẹ́fẹ́ kan tó wà káàkiri tó sì máa ń já okùn inú rọ́bà, tí táyà yóò fi sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ kí ó tó gbó. Díẹ̀díẹ̀ ni 6PPD máa ń ti inú táyà yọ wá sí ojú rẹ̀, láti lọ pàdé ósóònù kí ósóònù tó kan rọ́bà. Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó máa ń hàn lára ẹ̀gbẹ́ táyà tó ti pẹ́ díẹ̀, tí àwọn tó ń fọ mọ́tò máa ń bá jà, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bí ósóònù ṣe ń jẹ 6PPD ni ó ń yí padà di ohun mìíràn, tí àwọn olùwádìí náà sọ ní 6PPD-quinone. Wọ́n fi ósóònù kan 6PPD ní yàrá ìwádìí, ohun tó jáde bá ti inú àgbàrá mu, wọ́n fi sínú omi tó mọ́, coho kú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìwé ìròyìn Science gbé iṣẹ́ náà jáde. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Bí ó ṣe lágbára tó ṣòro láti gbàgbọ́. Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí kan náà tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe, wọ́n sì rí i pé 95 nánógíráàmù nínú lítà omi kan ti tó láti pa ìdajì àwọn ọmọ coho tó bá wà nínú rẹ̀. Kí òǹkàwé lè fojú inú wò ó: gíráàmù 1 péré yóò tó fún omi tó lé ní mílíọ̀nù 10 lítà, ìyẹn omi táńkà 10,000 lítà tó lé ní 1,000. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé àwọn irú ẹja tírọ́ọ̀tì kan pàápàá ń kú tí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀ sí i, chum kò sì kú rárá. Ohun tó mú ẹja kan kú tí kò mú arákùnrin rẹ̀ ṣì jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé lórí. Ní ti ènìyàn, àwọn olùwádìí ní ìhà gúúsù Ṣáínà ti bá 6PPD-quinone nínú ìtọ̀ àwọn ènìyàn ní ọdún 2022. Bíbá a nínú ìtọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń ṣeni ní jàǹbá, kò sì yẹ kí a fi ẹja tó kú dẹ́rù ba ẹni tó ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun tó jẹ́ ti táyà lè gba ara wa kọjá.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dùn ni àwọn tó ni odò. Fún àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà ní etíkun yẹn, sámọ́nù kì í ṣe oúnjẹ lásán, ẹ̀tọ́ láti pẹja náà sì wà nínú àdéhùn tí àwọn kan nínú wọn bá ìjọba ṣe láti ọdún 1850 sí 1860. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àwọn Yurok, Port Gamble S'Klallam àti Puyallup kọ ìwé sí àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí àyíká, wọ́n ní kó fòfin de 6PPD nínú táyà. Àjọ náà gbà ní oṣù Kọkànlá ọdún náà pé òun yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí òfin bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá yìí kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ apẹja pe àwọn ilé iṣẹ́ táyà lẹ́jọ́. Ìpínlẹ̀ California ti ṣáájú wọn: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ó sọ ọ́ di dandan fún ilé iṣẹ́ tó bá ń ta táyà tó ní 6PPD níbẹ̀ láti wá ohun mìíràn tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì gbé ohun tó bá rí sílẹ̀ fún ìjọba yẹ̀ wò.

Wíwá ohun mìíràn náà ni kókó rẹ̀, kò sì rọrùn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí 6PPD ti wà nínú táyà, kò sì sí táyà kan tó gbajúmọ̀ tí kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí yóò bá rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yọ wá sójú rọ́bà díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ yá ju rọ́bà lọ láti pàdé ósóònù. Kò gbọdọ̀ ba bí táyà ṣe le tó jẹ́. Ohun tó bá sì di lẹ́yìn tí ósóònù bá jẹ ẹ́ tán kò gbọdọ̀ ní májèlé. Àwọn ìbátan 6PPD tó lè ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́ pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń di quinone tiwọn náà. Èrò tèmi ni pé ibí yìí ló yẹ kí a ti bi ara wa ní ìbéèrè tí wọn kò bi nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi 6PPD sínú táyà: gbogbo àyẹ̀wò dá lé ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀, kò sí èyí tó dá lé ohun tí yóò dà lójú ọ̀nà.

Yúróòpù gba ọ̀nà mìíràn. Òfin tí wọ́n ń pè ní Euro 7, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2024, kò dá kẹ́míkà kan dúró, ńṣe ló ń fi ìwọ̀n dé bí táyà ṣe lè jẹ tó, irú èyí tí kò sí rí nínú òfin mọ́tò níbikíbi. Láti ọdún 2028, táyà tuntun fún mọ́tò kékeré gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò yìí kí wọ́n tó lè gbà á wọlé, ti ọkọ̀ ńlá yóò sì tẹ̀ lé e. Nítorí pé táyà méjì tó jọra lójú lè jẹ lọ́nà tó jìnnà síra, òfin náà lè lé àwọn tó burú jù kúrò lọ́jà láìfi ìdìmú wọn ṣòfò, bí àwọn tó ń wọn táyà bá ń wọn ọ́n lótìítọ́. Ní London, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó dá Tyre Collective sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2020 fi ẹ̀rọ kan sẹ́yìn táyà, tó ń fi iná mànàmáná fa ẹ̀rún mọ́ra kó tó fò lọ. Ọgbọ́n tó dára ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣòro láti rò pé danfo yóò gbà á.

Ohun tó so wá mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju ti danfo lọ. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní ọdún 2007, Dunlop sì dáwọ́ dúró láti máa ṣe táyà ní Ikẹjà ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà, òkèèrè ni èyí tó pọ̀ jù nínú táyà tí a ń lò ti ń wá, ohun tí wọ́n bá pinnu ní California tàbí ní Brussels nípa ohun tí yóò wà nínú rọ́bà náà ni yóò wọ gọ́tà wa. Àmọ́ kì í tètè dé. Táyà tókúnbọ̀ jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ti lò tó sì ti tú kúrò, bí ó bá sì jẹ́ pé òní ni wọ́n yí ohun inú rẹ̀ padà níbẹ̀, yóò gba ọdún púpọ̀ kí ti àtijọ́ tó tán lójà tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí táyà lè wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti pẹ́, tí 6PPD inú rẹ̀ ti ń tán, òun ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń sán, kì í sì í ṣe ojú rẹ̀ tó ṣì jìn ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń rà á.

Kí ohun tí yóò rọ́pò 6PPD tó dé, ohun tó ń gba ẹja là ní Seattle kò gba ẹ̀rọ kankan. Àwọn olùwádìí gba àgbàrá títì márosẹ̀ tó ti pa gbogbo coho wọn, wọ́n da á sínú agbá tí wọ́n kó iyanrìn àti ilẹ̀ jíjẹrà sí, wọ́n jẹ́ kó sẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá bí a ṣe ń sẹ́ ògì, wọ́n sì tún fi ẹja sínú omi tó jáde. Ẹja tó wà nínú omi tí wọn kò sẹ́ kú láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn tó wà nínú èyí tí wọ́n sẹ́ kò kú, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ lọ.